Afẹ́fẹ́ Tó Ń Ru Omi Òjò

Bí òjò ńlá bá fẹ́ rọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, ìhà ìlà-oòrùn ló sábà máa ń ṣú wá. Oòrùn á ti mú janjan látàárọ̀, gbogbo ara á máa làágùn, ewé igi ò ní mì. Lójijì, ẹ̀fúùfù tútù á ya wọlé, ewé á máa fi ẹ̀yìn hàn, erùpẹ̀ á bo ojú títì, àwọn ìyá á sáré kó ẹ̀lùbọ́ tí wọ́n sá. Kò ní pẹ́ tí ẹ̀kán òjò ńláńlá á fi máa lu páànù. Ó ti pẹ́ tí àwọn baba wa ti kíyè sí i bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní Ọya ló ń ṣíwájú Ṣàngó: ìjì á jà kí àrá tó sán. Òótọ́ pọ́nbélé ni. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ mìíràn wà tí kì í pariwo, tí kì í ṣí òrùlé ẹnikẹ́ni, òun gan-an ló sì ru omi náà wá.

Orí òkun ló ti ń bọ̀. Ní gúúsù ìlà agbedeméjì ayé, lójú agbami Àtìláńtíìkì, láti gúúsù ìlà-oòrùn ló ti ń fẹ́. Bó bá ti ré ìlà náà kọjá, yíyí tí ayé ń yí á darí rẹ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún, ni yóò bá di afẹ́fẹ́ gúúsù ìwọ̀-oòrùn tó ń gba Èkó, Kútọnu àti Lọmé wọlé. Kò ga rárá. Láti ilẹ̀ dé nǹkan bíi kìlómítà kan sí méjì sókè ni gbogbo ìnípọn rẹ̀. Òun ló ń lé ọyẹ́ padà sí aṣálẹ̀ nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ń dé. Títí oṣù Kẹjọ yóò fi wọlé, á ti dé ẹ̀bá Sàhárà.

Omi inú rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Létí òkun wa, bí a bá wọn afẹ́fẹ́ tó fẹ̀ ní mítà kan, tó gùn ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan, nǹkan bíi gíráàmù 20 omi ló wà nínú rẹ̀, omi tí ojú ò rí. Omi tó wà nínú afẹ́fẹ́ yàrá kan ṣoṣo fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ọ̀rá omi méjì tí à ń rà mu lójú títì. Ẹ wá ro ti afẹ́fẹ́ tó ga ní kìlómítà kan, tó ń ti gbogbo etíkun wọlé tọ̀sán-tòru fún oṣù bíi mélòó kan.

Òru ló ń ṣiṣẹ́ jù, ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ti wù mí jù nìyẹn. Lọ́sàn-án, ooru ilẹ̀ a máa po afẹ́fẹ́ pọ̀ sókè sódò, igi, ilé àti òkè a sì máa fà á sẹ́yìn. Bí ilẹ̀ bá ṣú, tí ilẹ̀ sì tutù, afẹ́fẹ́ tó sún mọ́lẹ̀ á dákẹ́. Èyí tó wà lókè díẹ̀, ní bíi mítà 300 sí 400, á wá bọ́ lọ́wọ́ ohun tó ń fà á, á máa sáré. Ẹni tó sùn ò ní mọ̀. Ní oṣù Kẹfà àti Keje ọdún 2016, àwọn onímọ̀ láti Áfíríkà àti Yúróòpù gbé irinṣẹ́ kalẹ̀ ní ibi mẹ́ta láti wádìí rẹ̀, nínú iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní DACCIWA: Ilé-Ifẹ̀, Kumasi ní Gánà, àti Ṣábẹ̀ẹ́, ìlú Yorùbá tí wọ́n ń kọ ní Savè lórí máàpù orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Inú mi dùn pé méjì nínú ibi mẹ́ta yìí jẹ́ ilé wa. Wọ́n rí i pé ìrọ̀lẹ́ ni afẹ́fẹ́ tútù ti òkun ń dé Ṣábẹ̀ẹ́, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jìnnà tó kìlómítà 200 sí etí òkun. Eré òru á tẹ̀ lé e, ìkùukùu pẹlẹbẹ á sì bo ojú ọ̀run títí ọjọ́ yóò fi gòkè. Ẹni tó bá jí ní Ifẹ̀ láàárọ̀ oṣù Keje lè rí i kedere: ìkùukùu aláwọ̀ eérú, tó rẹlẹ̀ débi pé ó ń bo orí òkè, á máa sáré lọ sí àríwá ìlà-oòrùn, bẹ́ẹ̀ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ò mì.

Kí omi yìí tó di òjò ńlá, nǹkan gbọ́dọ̀ gbé e lọ sókè níbi tí òtútù wà. Afẹ́fẹ́ kejì wà lókè rẹ̀, tó gbẹ jù ú lọ, tó ń ti ìlà-oòrùn fẹ́ ní bíi kìlómítà mẹ́ta sí mẹ́rin. Òun ni ìjì ń bá rìn bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bí òjò ìjì náà ṣe ń já bọ́ gba inú afẹ́fẹ́ gbígbẹ, apá kan rẹ̀ á gbẹ dà nù, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á tutù, á wúwo, á já lulẹ̀, á sì tú jáde síwájú. Èyí ni ẹ̀fúùfù tó ń da erùpẹ̀ sí wa lójú. Òjò ló bí i. Bó ṣe ń bọ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, á ki orí bọ abẹ́ afẹ́fẹ́ òkun tó kún fún omi, á tì í sókè, òjò tuntun á tún bẹ̀rẹ̀. Ìjì lè ti Lọ́kọ́ja rìn kọjá Ìbàdàn láì rẹ̀ ẹ́, nítorí pé afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ ló ń bọ́ ọ lọ́nà.

Níbi tí òkè bá wà, afẹ́fẹ́ òkun kò ní láti dúró de ìjì kí ó tó lọ sókè. Debundscha, abúlé kan lẹ́sẹ̀ Òkè Kamẹrúùn tó kọjú sí òkun, ń gba òjò tó tó mìlímítà 10,000 lọ́dún. Accra, tí afẹ́fẹ́ kan náà ń fẹ́ sí, kì í sábà rí 1,000, torí pé etíkun ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ síbi tí afẹ́fẹ́ ń lọ, ńṣe ló ń yọ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, omi òkun ibẹ̀ a sì máa tutù láti oṣù Keje títí dé Kẹsàn-án. Òtútù òkun yìí wà lára ohun tó ń mú òjò dáwọ́ dúró lọ́dọ̀ wa ní oṣù Kẹjọ. Afẹ́fẹ́ ṣì ń fẹ́, ìkùukùu ṣì wà, ṣùgbọ́n òjò á kàn máa sẹ̀ wíníwíní, nítorí pé ọ̀wààrà ti lọ sí Kánò àti Ṣókótó. Ìpadàbọ̀ rẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980 ni odò Ògùnpa kún bo Ìbàdàn. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011 ni àgbàrá tún pa ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ níbẹ̀.

Láti oṣù Kọkànlá ni ọyẹ́ ti ń ti afẹ́fẹ́ òkun padà sí gúúsù. Ṣakí á gbẹ, Ìṣẹ́yìn á gbẹ, ètè á máa là. Ṣùgbọ́n kì í kúrò ní Èkó pátápátá: lọ́pọ̀ ọjọ́ oṣù Kìíní, ara ṣì máa ń làágùn níbẹ̀, òjò sì lè ṣàdédé rọ̀ lé àwọn tó ń sá aṣọ lórí.