Bí Kọ̀ǹpútà Bá Ń Dákú Léraléra

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024, nígbà tí agogo mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ní Gúúsù Áfíríkà, ilé-iṣẹ́ CrowdStrike ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi fáìlì kékeré kan ránṣẹ́ sí àwọn kọ̀ǹpútà tí ó ń bá àwọn oníbàárà rẹ̀ ṣọ́ lọ́wọ́ àwọn olè orí ẹ̀rọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfuurufú kò lè gbéra káàkiri ayé, àwọn ilé ìwòsàn kan sún iṣẹ́ wọn síwájú, àwọn oníbàárà ilé ìfowópamọ́ Capitec ní Gúúsù Áfíríkà sì dúró fún wákàtí díẹ̀ láìrí owó ara wọn ná. Ilé-iṣẹ́ Microsoft ṣírò rẹ̀ pé mílíọ̀nù 8.5 kọ̀ǹpútà ni ó dákú. Èyí kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo kọ̀ǹpútà tí ń lo Windows, síbẹ̀ ayé mì.

Bí ó ti rí nìyẹn, ọ̀rọ̀ náà kan ìlú Midrand gbọ̀ngbọ̀n. Ìlú yìí wà láàárín Johannesburg àti Pretoria, lẹ́bàá ọ̀nà ńlá N1. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n nítorí pé ibẹ̀ ni Ilé Aṣòfin Gbogbo Áfíríkà ti ń jókòó láti ọdún 2004. Ṣùgbọ́n àwọn ilé mìíràn wà níbẹ̀ tí kì í pariwo. Ibẹ̀ ni olú ilé-iṣẹ́ Vodacom wà, ibẹ̀ ni ilé kọ̀ǹpútà Africa Data Centres kan wà, ilé-iṣẹ́ Vantage sì kọ́ tirẹ̀ sí àdúgbò Waterfall. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni àwọn kọ̀ǹpútà tí à ń pè ní server tò lọ rẹrẹ. Server kì í ṣe kọ̀ǹpútà tí ènìyàn kan jókòó tì. Ìránṣẹ́ gbogbo ènìyàn ni. Òun ni ó ń dáhùn nígbà tí oníṣòwò bá béèrè iye tí ó kù nínú àpò owó rẹ̀. Bí ó bá dákú, kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo ni iṣẹ́ dúró fún.

Kí ni ìdákú yìí gan-an? Nínú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ni ètò àgbà kan wà, bí irú Windows tàbí Linux, tí ó dà bí baálé nínú agbo ilé. Òun ni ó ń pín iṣẹ́, òun ni ó ń pín ààyè ìrántí ẹ̀rọ, òun ni kì í jẹ́ kí ètò kan wọ yàrá ètò kejì. Bí nǹkan bá bàjẹ́ nínú yàrá àárín gbùngbùn tí baálé fúnra rẹ̀ ń gbé, ètò àgbà a dá gbogbo iṣẹ́ dúró, kí ó má baà ba ìwé owó àti àkọsílẹ̀ ènìyàn jẹ́. Nígbà náà ni Windows yóò gbé ojú ìkìlọ̀ jáde. Nítorí náà, ìdákú kì í ṣe àìsàn. Àmì àìsàn ni. Bí a bá bu omi sí ẹni tí ó dákú lójú, ó lè jí, ṣùgbọ́n omi náà kò wo ohun tí ó dá a kú. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni pípa server kí a sì tún un tàn ṣe rí.

Ọ̀rọ̀ CrowdStrike fi èyí hàn kedere. Ìwádìí tí ilé-iṣẹ́ náà gbé jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024 sọ pé fáìlì tuntun náà ń retí ohun 21, nígbà tí ó jẹ́ 20 péré ni ètò tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà mú wá fún un. Ètò náà wá lọ wo ipò ìkọkànlélógún níbi tí kò sí nǹkan kan. Nítorí pé yàrá baálé ni ó ti ń ṣiṣẹ́, gbogbo ilé wó lulẹ̀. Bí a bá tún ẹ̀rọ náà tàn, fáìlì kan náà ni yóò tún kọ́kọ́ kà, yóò sì tún ṣubú. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 78 ni CrowdStrike ti yọ fáìlì náà kúrò, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ó ti ṣubú kò lè na ọwọ́ gba àtúnṣe. Microsoft sọ pé àwọn mìíràn jí lẹ́yìn tí a tún wọn tàn títí dé ìgbà 15, torí pé àtúnṣe lè ráyè wọlé kí ìdákú tó dé. Fún àwọn ìyókù, ènìyàn ni ó ní láti lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó ṣí wọn ní ipò tí ètò díẹ̀ péré ti ń ṣiṣẹ́, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa fáìlì náà rẹ́. Níbi tí a bá ti fi BitLocker ti inú ẹ̀rọ pa, ó tún ní láti tẹ kọ́kọ́rọ́ onínọ́ńbà 48 kí ó tó wọlé.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹni tí ó ń tọ́jú server ní láti ṣubú bí àgbà. Ohun kìn-ín-ní tí yóò béèrè ni pé: kí ni ó yí padà kí ìdákú tó bẹ̀rẹ̀? Ètò tuntun ni bí, tàbí àtúnṣe tuntun, tàbí ẹ̀yà ara ẹ̀rọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún un? Ohun kejì ni pé: àkọsílẹ̀ wo ni ẹ̀rọ fi sílẹ̀? Bí a bá ti ṣètò rẹ̀ dáadáa, Windows a máa kọ ohun tí ó wà ní ìrántí rẹ̀ nígbà tí ó dákú sínú fáìlì tí à ń pè ní MEMORY.DMP, Linux náà sì ní irú tirẹ̀. Bí orúkọ ètò kan náà bá ń jáde nínú àkọsílẹ̀ ìdákú kọ̀ọ̀kan, ètò náà ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Bí orúkọ bá ń yí padà ní gbogbo ìgbà, ó yẹ kí a yẹ ẹ̀yà ìrántí ẹ̀rọ wò, kí a sì wò ó bóyá ooru ti pọ̀ jù. Bí ẹ̀rọ bá kàn kú fin-ín tí kò fi àkọsílẹ̀ kankan sílẹ̀, ọ̀nà tí iná mànàmáná ń gbà wọlé ni kí a yẹ̀ wò. Àkọsílẹ̀ onínọ́ńbà 41 nínú ìwé Windows kò sọ ju pé a kò pa ẹ̀rọ náà bí ó ti yẹ. Kò dárúkọ ẹni tí ó pa á.

Ọ̀rọ̀ iná yìí kì í ṣe ohun kékeré ní agbègbè Gauteng tí Midrand wà. Ní ọdún 2023, ó ju 300 ọjọ́ lọ tí ilé-iṣẹ́ Eskom pa iná fún àwọn ènìyàn ní wákàtí-wákàtí. Àwọn ilé kọ̀ǹpútà ńlá ní ẹ̀rọ amúnáwá tiwọn. Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì kékeré tí ó gbé server rẹ̀ sí kọ̀rọ̀ yàrá gbára lé bátìrì. Bátìrì tí kò rí àyè kún kí iná tó tún lọ a máa yára gbó. Ẹni tí ó ń tú Windows palẹ̀ tí ó sì ń tún un fi sí i, nígbà tí ó jẹ́ bátìrì ni ó ń kú lọ, ó fi ètè sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Kò sí ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ rí ní Èkó tàbí Ìbàdàn tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa túmọ̀ èyí fún.

Nígbà tí a bá ti mọ ohun tí a fura sí, sùúrù ni ó kù. Kí a kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo àkọsílẹ̀ pamọ́ sí ibòmíràn. Kí a yí ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan, kí a sì dúró wò ó, nítorí ẹni tí ó lo egbògi márùn-ún pọ̀ kò lè mọ èyí tí ó wo òun sàn. Kí a dán àtúnṣe wò lára ẹ̀rọ kan kí a tó fi kan gbogbo wọn. CrowdStrike fúnra rẹ̀ ti gba ẹ̀kọ́ yìí, tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí fi irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ ní ìpele-ìpele. Kí a má sì ṣe fi kọ́kọ́rọ́ ilé pamọ́ sínú ilé tí ó tì nìkan. Kí nọ́ńbà BitLocker wà níbi tí a ti lè rí i nígbà tí gbogbo server bá ti sùn.

Ó rọrùn fún ọ̀gá ilé-iṣẹ́ láti pàṣẹ pé kí a tún ẹ̀rọ tàn kíákíá, nítorí àwọn oníbàárà ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jí lónìí tí kò sí ẹni tí ó ka àkọsílẹ̀ rẹ̀, ìdákú ọ̀la ti wà nílẹ̀ tí ó ń dúró. Ẹni tí yóò san gbèsè rẹ̀ kì í sì í ṣe ọ̀gá náà, bí kò ṣe ìyá tí ó dúró níwájú ẹ̀rọ ìgbowó pẹ̀lú ìwé oògùn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Wákàtí kan tí a fi wo ẹ̀yìn kò ṣòfò.