Àwòrán CT kí a tó fi fáàfù tuntun sí ọkàn: iṣan ara yín náà ní ohun tó ń sọ

Fáàfù tí ẹ̀jẹ̀ ń gba ẹnu rẹ̀ jáde kúrò nínú ọkàn lè le gbagidi lọ́jọ́ ogbó, kó má ṣí dáadáa mọ́. Èémí á máa há, àyà á máa fún, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń dákú. Láti ọdún 2002, nígbà tí Dókítà Alain Cribier kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní Rouen nílẹ̀ Faransé, kò pọn dandan mọ́ kí a la àyà gbogbo ẹni tó nílò fáàfù tuntun. Òpó ẹ̀jẹ̀ inú itan la sábà máa ń ti fáàfù náà gbà títí dé ọkàn. TAVI ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yìí.

Kí a tó ṣe é, ẹ ó ya àwòrán CT láti àyà dé itan, kí dókítà lè mọ bí ìjókòó fáàfù ṣe fẹ̀ tó, àti bóyá òpó ẹ̀jẹ̀ itan gbòòrò tó. Àwòrán yìí ti gba ìbàdí kọjá, ó sì ti ya iṣan àti ọ̀rá ibẹ̀ pẹ̀lú, láìfi ìtànṣán kankan kún un.

Kí la ń wò níbẹ̀?

Ní ọ̀gangan egungun ẹ̀yìn kẹta ní ìbàdí, kọ̀ǹpútà lè ka bí iṣan ṣe pọ̀ tó lójú àwòrán kan ṣoṣo. Ìwọ̀n Hounsfield ló fi ń dá wọn mọ̀: omi jẹ́ 0, láàárín -29 sí 150 ni wọ́n ń kà sí iṣan, ọ̀rá wà nísàlẹ̀ ìyẹn. Iṣan tí ìwọ̀n rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ ti gba ọ̀rá sínú. Bó tilẹ̀ tóbi, agbára rẹ̀ ti dín.

Nítorí náà, gígun òṣùwọ̀n nìkan kò tó. Bàbá tí agbádá rẹ̀ kún dáadáa lè ti pàdánù iṣan tí màmá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣì ní lára. Àwọn ará ilé á máa kí bàbá pé ayé yẹ ẹ́. CT kì í bá wọn kí i.

Ọ̀pọ̀ ìwádìí ti rí i pé lẹ́yìn TAVI, ẹni tí iṣan rẹ̀ kéré sábà máa ń pẹ́ ní ọsibítù, ewu ikú rẹ̀ sì ń ga sí i. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ kò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí iye tó yẹ kí a pè ní kékeré, a kì í sì fi àwòrán nìkan dájọ́. A ó ní kí ẹ rin mítà 5, kí ẹ dìde lórí àga lẹ́ẹ̀márùn-ún láìfọwọ́ tì í, a ó sì yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò.

Bí iṣan yín bá kéré ńkọ́?

Ìyẹn nìkan kò ní ká má ṣe é fún yín. Ó ń jẹ́ ká tètè ṣètò físíò àti oúnjẹ ni. Òkìtì àmàlà pẹ̀lú ẹyọ ẹja kan kì í mú iṣan wá: ẹ dín òkèlè kù, kí ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà pọ̀ sí i. Ẹni tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi dókítà. Ẹ má sì fúnra yín bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá tó le. Fáàfù tó ti dí kò fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ àwòrán

Ẹ sọ fún wa bí ẹ bá ń lo metformin, tàbí bí oògùn tí a máa ń fà síni lára fún àwòrán bá ti mú kí ara yín wú tàbí kí ó máa yún yín rí. Bí a bá ń fa oògùn náà sí yín lára, ara á gbóná lójijì, ó sì lè ṣe yín bíi pé ẹ ti tọ̀ sára. Ẹ ò tọ̀. Láìpẹ́ yóò lọ.