Ògiri Tí Wọ́n Fi Eérú Kùn

Lójú títì Mọ́níyà, kò sí bí èèyàn ò ṣe ní rí ògiri tí wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé, “Ẹ má da pàǹtí síbí mọ́.” Abẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni pàǹtí máa ń ga sí jù. Ẹni tó wá dà á síbẹ̀ ṣáà mọ̀wé kà.

Ní Òṣogbo, wọ́n gbé tiwọn gba ọ̀nà míì. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, igbó Ọ̀ṣun ti fẹ́ bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́: wọ́n ń gégi, apá kan sì ti di oko igi tíìkì. Susanne Wenger, òyìnbó ará Austria tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, kó àwọn oníṣẹ́ ọnà jọ, Adébísí Àkànjí tó jẹ́ bíríkìlà tẹ́lẹ̀ wà lára wọn, wọ́n fi amọ̀ àti sìmẹ́ǹtì mọ ère àti ògiri sínú igbó. Wọn ò gbára lé àkọlé “ẹ má gégi.” Ẹni tó bá gbé àdá wọlé, ojú ère ni yóò kọ́kọ́ pàdé, ọwọ́ rẹ̀ á sì rọ̀. Ní 2005, UNESCO fi igbó náà, nǹkan bíi hẹ́kítà 75, sára ogún gbogbo ayé.

Ẹni tí igbó jìnnà sí ńkọ́? Ní São Paulo, ní Brasil, ayàwòrán kan wà tó ń jẹ́ Mundano. Ara ọmọlanke àwọn tó ń ṣa páálí àti irin lójú títì ló ti máa ń ya àwòrán, kí àwọn onímọ́tò tó ń fun fèrè mọ́ wọn lè rí wọn bí èèyàn. Ní 2021, eérú àti èédú igbó tó jóná, ti Amazon wà lára rẹ̀, ló fi yàwòrán.

Àwa àgbẹ̀ agbègbè Akínyẹlé mọ eérú dunjú. A máa ń sun oko kí òjò tó dé, kí eérú lè di ajílẹ̀. Eérú èèpo kòkó sì ń di ọṣẹ dúdú. Ọ̀dà ni Mundano fi tirẹ̀ ṣe, ó sì fi kun ẹ̀gbẹ́ ilé gogoro kan. Inú àwòrán tí Candido Portinari yà ní 1934 ló ti mú un: àgbẹ̀ kọfí kan, ọkùnrin dúdú tó rin ẹsẹ̀ lásán, ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kùkùté igi nítòsí. Mundano mú àgbẹ̀ yẹn kúrò, ó fi panápaná igbó rọ́pò rẹ̀.

Àwòrán náà ò dán rárá. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, lójú tèmi. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé tí wọ́n rà nísọ̀ lè ya igbó tó rẹwà, kí ẹlòmíì sì ní àlá ayàwòrán ni. Eérú yìí, igi ni tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó fọwọ́ ra ògiri wò.

Kó tó dà bẹ́ẹ̀, ní 2020, ẹrẹ̀ ni Mundano lò, èyí tó ya lu àwọn èèyàn ní Brumadinho, ní Brasil kan náà, nígbà tí ìdídò ibi ìwakùsà kan fọ́ ní oṣù kìíní 2019, tó pa èèyàn 270. Ojú àwọn òṣìṣẹ́ ló fi ẹrẹ̀ náà yà sára ògiri, nítorí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbi ìwakùsà náà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kú.