Fífi Ẹ̀tẹ̀ Sílẹ̀ Pa Làpálàpá: Ìlànà Wíwá Ibi tí Afẹ́fẹ́ ti ń Jò Lára Ọkọ̀ tí Afẹ́fẹ́ Gbé Dúró

Ìfáàrà

Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí ni àìsàn kan tí ó wọ́pọ̀ lára àwọn ọkọ̀ olówó ńlá tí à ń rà ní tòkunbọ̀. Ènìyàn á gbé ọkọ̀ sílẹ̀ lálẹ́ ní ìdúró pípé; bí ilẹ̀ bá mọ́, igun kan rẹ̀ ti wọlẹ̀. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í lo sípíríǹgì onírin. Afẹ́fẹ́ ni ó gbé e dúró. Àpẹẹrẹ tí a ó máa tọ́ka sí ni Mercedes-Benz S-Class tí a mọ̀ sí W220, èyí tí ó jáde ní Jámánì ní ọdún 1998 pẹ̀lú ètò tí wọ́n pè ní AIRMATIC. Èrò wa ni pé kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tí ó jóná kì í sábà jẹ́ ìpilẹ̀ àìsàn yìí. Àbájáde rẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá pààrọ̀ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ láìdí ibi tí ó ń jò, ẹ̀tẹ̀ ni ó fi sílẹ̀ tí ó ń pa làpálàpá.

Bí Ètò náà ṣe ń Ṣiṣẹ́

Ní ìdí táyà kọ̀ọ̀kan lára W220 ni àpò rọ́bà tí ó kún fún afẹ́fẹ́ wà, a sì ṣe é pọ̀ mọ́ ṣọ́ọ̀kù. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tí iná bàtìrì ń yí ni ó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé. Afẹ́fẹ́ náà á kọ́kọ́ gba inú agolo kan tí ó ní èròjà tí ń fa omi mu kọjá, kí ọ̀rinrin má baà ba ètò náà jẹ́. Láti ibẹ̀ ni yóò ti dé ibi tí àwọn fálùfù kórajọ sí, tí wọn yóò pín in sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn sẹ́ńsọ̀ ń wo gíga ọkọ̀, kọ̀ǹpútà sì ń pàṣẹ ìgbà tí a ó fi afẹ́fẹ́ kún un tàbí tí a ó dín in kù. Ìfúnpá inú ètò yìí lè ju bar 10 lọ, bẹ́ẹ̀ ni ti táyà ọkọ̀ kékeré kì í sábà ju bar 2 àbọ̀ lọ.

Wọn kò ṣe kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ yìí fún iṣẹ́ àṣemọ́jú. Ó yẹ kí ó ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, kí ó sì sinmi. Bí afẹ́fẹ́ bá ń jò, kò ní rí ìsinmi. Òrùka písítìnnì rẹ̀ á jẹ, á máa gbóná títí yóò fi jó. Ríléè tí ń gbé iná fún un pẹ̀lú lè lẹ̀ mọ́ra, kí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ má sì dúró mọ́ bí a tilẹ̀ pa ọkọ̀.

Ìlànà Ìwádìí

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní ni wíwọ̀n. Kí a gbé ọkọ̀ sí orí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, kí a wọn gíga rẹ̀ láti àárín táyà dé etí mọ́gáàdì ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ní àárọ̀, kí a tún un wọ̀n. Bí igun kan ṣoṣo bá wọlẹ̀, àpò rọ́bà tàbí páìpù igun náà ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Bí ó bá jẹ́ iwájú lápapọ̀ tàbí gbogbo ọkọ̀ ni, ojú á lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn fálùfù. Ohun méjì ni kí a ṣọ́ra fún. Afẹ́fẹ́ a máa súnkì bí ó bá tutù. Nítorí náà, ìwọlẹ̀ díẹ̀ ní òwúrọ̀ ọyẹ́ kò fi dandan jẹ́ jíjò. Bákan náà, kọ̀ǹpútà àwọn ọkọ̀ mìíràn a máa dín afẹ́fẹ́ igun tí ara rẹ̀ le kù lóru kí ó lè bá èyí tí ó wọlẹ̀ dọ́gba. Yíyọ fíùsì ètò náà ní alẹ́ ni yóò jẹ́ kí ìwọ̀n wa jẹ́ òtítọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì ni omi ọṣẹ. Fọkanáísà a máa ri túùbù sínú omi kí ó lè rí ibi tí ó ti ń hó. A kò lè ri ọkọ̀ sínú omi, nítorí náà omi ni a ó gbé lọ bá ọkọ̀. Kí a fín in sí oríkèé páìpù, orí ṣọ́ọ̀kù àti ibi tí rọ́bà ti ṣẹ́po. Ibi ìṣẹ́po yìí ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ sán, nítorí ibẹ̀ ni ó ń tẹ̀ nígbà gbogbo. Kí a yí ọwọ́ ọkọ̀ dé òpin kí a lè rí ti iwájú dáadáa. Nígbà tí ó jẹ́ pé ojú sísán lè là ní gíga kan kí ó sì padé ní òmíràn, kí a dán an wò nígbà tí ọkọ̀ ga àti nígbà tí ó wọlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni fálùfù. Èyí tí kò padé dáadáa lè máa jò láti inú láìsí ìfófòó kankan lára àpò rọ́bà. Kí a pa ọkọ̀, kí a fi omi ọṣẹ sí ẹnu ibi tí ètò náà ti ń tú afẹ́fẹ́ jáde. Bí ó bá ń hó níbẹ̀ nígbà tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ti dákẹ́, inú ni àìsàn wà.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ó tó kan kọ̀ǹpírẹ́sọ̀. Bí a kò bá rí ibi tí ó ń jò, tí ó ń ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n tí kò lè gbé ọkọ̀ sókè, nígbà náà ni a lè dá a lẹ́bi.

Àtúnṣe

Bí ó bá jẹ́ ẹnu páìpù ni ó ń jò, kí a gé ibi tí ó bàjẹ́ kúrò ní gbọọrọ, kí a sì fi ìdè tuntun sí i. Àpò rọ́bà kò ṣe é lẹ̀ bí a ti ń lẹ túùbù, nítorí ó ń tẹ̀, ó sì ń nà ní gbogbo ìgbà lábẹ́ ìfúnpá ńlá, pípààrọ̀ ni. Bí a bá ti de tuntun, kí a fi afẹ́fẹ́ kún un kí ìwúwo ọkọ̀ tó bà lé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìṣẹ́po rẹ̀ lè ya lọ́jọ́ náà gan-an. Bí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ bá ti kú, kí a pààrọ̀ ríléè rẹ̀ àti èròjà tí ń fa omi mu pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn mìíràn a máa yọ gbogbo ètò náà kúrò, wọn a fi sípíríǹgì onírin rọ́pò rẹ̀. Owó rẹ̀ lè kéré, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà kò ní lè gbéra sókè mọ́, iná ìkìlọ̀ á sì máa tàn àyàfi bí a bá yanjú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà.

Ẹ̀mí ṣe pàtàkì ju ọkọ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ tàbí jáàkì nìkan gbé dúró. Àfi kí a ti òpó irin tí ó lè gba ẹrù rẹ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ tú páìpù láìjẹ́ pé a ti tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ dànù.

Àgbálọgbábọ̀

A ti fi hàn pé ìlànà ìwádìí tí ó ní ètò ni ó ń gba ọlọ́kọ̀ lọ́wọ́ ìnáwó àsán. Téèpù, ọṣẹ àti bébà kò wọ́n; kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ni ó wọ́n. Olùkọ́ Ìmọ̀ Ẹ̀rọ lè fi túùbù kẹ̀kẹ́, omi ọṣẹ àti rúlà kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìlànà kan náà nínú kíláàsì: kí wọ́n wọ̀n kí wọ́n tó tú, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, kí ìdánwò kọ̀ọ̀kan sì mú ẹ̀sùn kúrò lọ́rùn ohun kan kí a tó fi kan òmíràn.