Ọyẹ́ àti Àwọn Èrò Ọkọ̀ Òfurufú

Bí ọyẹ́ bá ń fẹ́, tí ọkọ̀ òfurufú kò lè gbéra, èrò a máa bínú. A kò dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n eruku yìí kì í ṣe ti ojú títì lásán: láti aṣálẹ̀ ilẹ̀ Ṣáàdì ni afẹ́fẹ́ ti ń gbé e bọ̀, ìrìn tí ó ju 1,500 kìlómítà lọ, kí ó tó bo Èkó. Awakọ̀ tí kò rí ibi tí yóò bà lé sí, tí ó sì kọ̀ láti fò, oore ni ó ṣe wá. Ẹni tí a ń bá wí ni ilé-iṣẹ́ tí ó mọ̀ láti ìdájí pé ọkọ̀ kì yóò lọ, tí kò sì sọ fún arúgbó tí òtútù ń mú lórí àga títí oòrùn fi kan àtàrí.