Gbèsè Olójú Méjì ni Owó Orí

Bí ènìyàn bá gba Ring Road láti Challenge wá sí Dùgbẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi rí Ilé Kòkó tí ó na orí sókè. Alájà 26 ni ilé náà, ọdún 1965 ni a sì parí rẹ̀. Gbogbo wa ni a ń fi í yangàn, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wa ni ó ń béèrè pé: owó ta ni a fi kọ́ ọ? Owó àgbẹ̀ ni. Ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó títa kòkó ní Ìwọ̀ Oòrùn a máa san iye tí ó kéré sí ti ọjà àgbáyé fún àgbẹ̀, ohun tí ó ṣẹ́kù a sì bọ́ sọ́wọ́ ìjọba. A kò pe èyí ní owó orí, ṣùgbọ́n kí ni ì bá tún jẹ́?

Ọ̀rọ̀ yìí tó ohun tí a ń rán ara wa létí, nítorí pé òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní Oṣù Kẹfà 2025 ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 2026. Lábẹ́ òfin náà, ẹni tí owó tí ó ń wọlé fún un kò bá ju ₦800,000 lọ lọ́dún kò ní san owó orí lé e. Òfin jẹ́ tuntun, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó wà nídìí rẹ̀ ti pẹ́: kí ni ó ń sọ owó orí di ẹ̀tọ́, kí ni ó sì ń sọ ọ́ di ìrẹ́jẹ?

Àwọn ọ̀mọ̀wé ti ronú lé e tipẹ́. Ní 1776, Adam Smith kọ ọ́ pé kí olúkúlùkù san gẹ́gẹ́ bí agbára rẹ̀ ti mọ, kí iye tí yóò san hàn sí i gbangba, kí àkókò sísan rọrùn, kí owó tí a ó ná láti gbà á má sì pọ̀. Ní 1944, Martin Crowe ṣe ìwádìí ní Amẹ́ríkà lórí ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ti sọ nípa ọ̀ranyàn sísan owó orí. Robert McGee, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ìṣirò owó, tẹ̀lé ipa rẹ̀, ó sì wádìí èrò àwọn ènìyàn ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Àwọn kan ní ẹ̀ṣẹ̀ ni láti sá fún owó orí nígbà gbogbo. Àwọn kan ní kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rárá. Àwọn mìíràn ní ó di ìgbà tí a bá mọ irú ìjọba tí ń gbà á. Lára àwọn ìdí tí ó lágbára jù tí wọ́n ń mú wá ni pé àwọn aláṣẹ ń jí owó náà kó.

Àwa ará Ìbàdàn kò nílò láti dé Amẹ́ríkà kí a tó mọ èyí. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn bu owó lé àwọn ènìyàn láti fi pèsè ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ìkùnsínú pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹgbẹ́ Action Group fi pàdánù fún NCNC ní ẹkùn náà nínú ìbò ìjọba àpapọ̀ ti 1954. Nígbà tí ó di Oṣù Kìíní 1955, ilẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́ ṣí. Àwọn ọmọ tí kò tó 460,000 lọ́dún tí ó ṣáájú lé ní 800,000. Ní 1956, àwọn ènìyàn kan náà dá ẹgbẹ́ náà padà sípò. Wọ́n ti fi ojú ara wọn rí ohun tí owó wọn rà.

Ẹ wá wo 1968. Orúkọ náà gan-an, owó orí, ni ó fi àbùkù rẹ̀ hàn: orí ni a kà, a kò wo ọwọ́. Orí kan ni olówó ní, orí kan náà ni tálákà ní, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò dọ́gba. Owó kòkó kò gbé pẹ́ẹ́lí mọ́, ọ̀nà oko bàjẹ́, àwọn agbowó-orí àti wolé-wolé sì ń da abúlé láàmú. Àwọn Àgbẹ̀kọ̀yà kò sọ pé àwọn kò ní san rárá. Òkè mẹ́fà, èyíinì ni ṣílè 30, ni wọ́n ní agbára àwọn ká. A kò gbọ́ wọn. Ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀ ní Màpó ní Oṣù Kọkànlá 1968. Ní ọdún kejì, wọ́n fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi. Ní Oṣù Kẹwàá 1969, lẹ́yìn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bá Táfà Adéoyè àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀, ìjọba wá sọ owó náà di pọ́ùn méjì. Ohun tí ìjókòó kan ì bá ti parí ni ọ̀pọ̀ ẹ̀mí bá lọ.

Ojú méjì ni ìwé olùṣirò owó ní: ojú kan fún ohun tí ó wọlé, èkejì fún ohun tí ó jáde. Bí ojú kan bá ṣófo, ìwé náà kò pé. Olùkọ́ tí ń gbé Agbówó kò lè sá fún owó orí. A ti yọ ọ́ kí ó tó fojú kan owó oṣù rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó kọ́ ilé ńlá sí Bódìjà tí ó sì ń fi irọ́ bo owó rẹ̀ mọ́lẹ̀, olùkọ́ yìí ni ó ń rẹ́ jẹ. Ṣùgbọ́n aláṣẹ tí ó gba owó tí kò jíhìn ń rẹ́ gbogbo ìlú jẹ.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ wa pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, kí wọ́n mọ̀ pé sísan owó orí kì í ṣe ìtìjú. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹgbẹ́ yòówù tí ẹ ń ṣe, kí ẹ tó pàtẹ́wọ́ fún aṣojú yín, ẹ ní kí ó ṣí ìwé ìṣirò ìjọba ìbílẹ̀ yín fún yín: èló ni ó wọlé, kí ni a fi ṣe? Àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Ìbàdàn ti ru igbá yẹn rí. Kò yẹ kí a tún gbé e rù ú.