Wákàtí Mẹ́ta Fún Ẹni Tí Ẹ̀jẹ̀ Ń Dà Lára Rẹ̀

Ní ọjọ́ Jimọ̀h kan, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán ni ọ̀kadà kọlu ọkùnrin kan lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí wa. Ẹ̀jẹ̀ ń dà ní itan rẹ̀. Àwọn kan ní kí a dúró de ẹbí rẹ̀. Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ni a fi jiyàn kí ọ̀kan nínú wa tó fi láwàní di ojú ọgbẹ́ náà, tí a sì gbé e lọ. Nígbà tí dókítà bi wá pé aago mélòó ló fara pa, ojú ara wa ni a ń wò. Ọkùnrin náà yè, alhamdulillah.

Kí ló dé tí dókítà fi béèrè aago? Oògùn kan wà tí à ń pè ní tranexamic acid, kì í ṣe olówó gọbọi. Kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó ti dì lójú ọgbẹ́ tún yọ́. Ní 2010, ìwádìí CRASH-2, tí wọ́n ṣe pẹ̀lú ènìyàn 20,211 tó fara pa ní orílẹ̀-èdè 40, Nàìjíríà wà níbẹ̀, fi hàn pé ó ń dín ikú kù. Nígbà tí wọ́n tún un yẹ̀ wò ní 2011, àwọn tó gbà á láàárín wákàtí kan ló jàǹfààní jù. Àwọn tó gbà á lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta ńkọ́? Ṣe ni ikú ẹ̀jẹ̀ dídà tún pọ̀ sí i láàárín wọn. Oògùn kan náà, ìwọ̀n kan náà o!

Ti ìyá ọlọ́mọ tuntun kò yàtọ̀. Ìwádìí WOMAN, 2017, wo obìnrin 20,060 tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lẹ́yìn ìbímọ, ọ̀pọ̀ wọn láti Nàìjíríà. Nínú àwọn tí wọ́n tọ́jú láàárín wákàtí mẹ́ta, ẹ̀jẹ̀ dídà pa 1.7 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò gba oògùn náà, 1.2 péré nínú àwọn tó gbà á.

A ò kọ èyí kí ẹ lè wá ra kápúsù rẹ̀ lọ́wọ́ wa. Abẹ́rẹ́ inú iṣan ni, iṣẹ́ dókítà àti nọ́ọ̀sì ni, kò sì rọ́pò ẹ̀jẹ̀ gbígbà tàbí iṣẹ́ abẹ. Tiyín ni kí ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ mọ́lẹ̀ ṣinṣin, kí ẹ má máa ṣí i wò, kí ẹ má bu kẹrosíìnì sí i, kí ẹ sì wo aago. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ ti bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ kí oṣù ìbímọ tó wọlé.

Nọ́ńbà awakọ̀ méjì ti wà lára ògiri níbi tí a ti ń ṣe àlùwàlá báyìí. A ṣì ń wá ẹni kẹta, ẹni tí yóò gbà láti jáde lóru.